Ṣé Ká Rà Á Nísinsìnyí, Àbí Ká Dúró?

Ọmọ àbúrò mi kan, tó ń kàwé ní Póòlì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀fà níbí ní 1992, wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ó ti kó àjọ. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ku díẹ̀ kó pé mílíọ̀nù kan náírà, ó sì fẹ́ fi ra láptọ́ọ̀pù géèmù, irú èyí tó ní káàdì àrà ọ̀tọ̀ tó ń ya àwòrán nínú, tó sì máa ń gbóná bí ààrò. Ẹ má rò pé eré nìkan ló fẹ́ fi ṣe o. Ó máa ń gé fídíò fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó, wọ́n sì ń sanwó fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti sọ fún un pé kó dúró: tí tuntun bá jáde lọ́dún tó ń bọ̀, ti ọdún yìí á di ọ̀pọ̀.

Ó ní, “Bàbá, kí lẹ rí sí i? Ṣé kí n rà á ni, àbí kí n dúró?”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, n kò dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí irú ìbéèrè yìí ti wọ ilé wa rí kí wọ́n tó bí i.

Ní 1974, ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága fún gba ìjọba Ọ̀gágun Gowon nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975 ni owó náà dé, wọ́n sì san ti àwọn oṣù tó ti kọjá pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà náà yóò rántí owó Údójì. Ẹlòmíràn fi ra alùpùpù, ẹlòmíràn ra tẹlifíṣọ̀n, àwọn mìíràn sì fẹ́ ìyàwó kejì. Akọ̀wé ni bàbá mi ní stéṣọ̀n rélùweè Ọ̀fà. Alùpùpù ni wọ́n fẹ́ rà, owó rẹ̀ sì pé lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ò ní bá èrò du nǹkan lọ́jà, pé kí ariwo rọlẹ̀ ná. Ariwo rọlẹ̀ lóòótọ́. Iye owó ọjà ni kò rọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, owó ọwọ́ wọn kò tó mọ́. Kẹ̀kẹ́ Raleigh ni bàbá mi gùn lọ sí stéṣọ̀n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Údójì létí wọn.

Ṣùgbọ́n ká má parọ́ mọ́ ọ̀rẹ́ ọmọ náà. Ọgbọ́n tó dá wà nínú ìtàn kọ̀ǹpútà. Ní 1965, Gordon Moore, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé iye ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń kó sínú ègé kékeré tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún. Ní 1975 ó tún un sọ pé ọdún méjì-méjì ni. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá mú sùúrù á fi iye owó kan náà ra ẹ̀rọ tó lágbára ju ti àná lọ.

Wọ́n tilẹ̀ ní irú ìdúró bẹ́ẹ̀ pa ilé-iṣẹ́ kan. Ní 1981, Adam Osborne gbé kọ̀ǹpútà kan jáde tí ènìyàn lè gbé rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wúwo tó kílò 11, kò sì ní bátìrì. Dọ́là 1,795 ni wọ́n ń tà á, àwọn ènìyàn sì ń rọ́ lọ rà á. Ní 1983, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé èyí tó dára jù ú lọ ń bọ̀. Ni àwọn oníbàárà bá káwọ́ gbera, wọ́n ní àwọn ń dúró. Ní September ọdún náà, gbèsè wọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn, ó kógbá sílé. Àwọn kan ṣá ní kì í ṣe ìdúró nìkan ló pa á, pé nǹkan ti ń wọ́ nínú ilé tẹ́lẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wò ó: ní 1981 yẹn, dọ́là kan kò tó náírà kan lọ́dọ̀ wa. Ní iye tí ìjọba ń ṣẹ́ owó sí, bíi ₦1,100 ni ẹ̀rọ Osborne. Dọ́là 1,795 kan náà lónìí ju mílíọ̀nù méjì náírà lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀ sí ti ará Amẹ́ríkà. Aago kan ṣoṣo ló wà lára ògiri tirẹ̀. Méjì ni tiwa: ọ̀kan ń wí pé ẹ̀rọ ń di ọ̀pọ̀, èkejì ń wí pé náírà ń joro, ti èkejì yìí ló sì máa ń yára jù.

Ní September 1986, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Babangida ṣí ọjà owó òkèèrè tí wọ́n ń pè ní SFEM, dọ́là tí kò tó náírà méjì fò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó ju náírà mẹ́rin lọ. Àwọn tó ń tọ́jú owó ọkọ̀ tuntun pa mọ́ di ẹni tó ń wá tòkunbọ̀ kiri. (Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni a mọ Tòkunbọ̀ sí tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó bi àwọn tó ń jẹ́ ẹ léèrè kí wọ́n tó fi sọ ọkọ̀ àlòkù.)

Ti ẹ̀ẹ̀kan yìí ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, bíi ₦750 ni dọ́là kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú títì. Ní June, ìjọba tú náírà sílẹ̀. Nígbà tó fi di February 2024, dọ́là ti ju ₦1,500 lọ. Láptọ́ọ̀pù ẹgbẹ̀rún dọ́là gbéra láti ₦750,000, ó di mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ó lé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi bóòtù kan kún un. Ẹ̀rọ tuntun wo ló fẹ́ jáde tó máa mú ti àtijọ́ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Síbẹ̀, ẹni tí ìbẹ̀rù mú sáré lọ ra tirẹ̀ ní February náà ká àbámọ̀, torí ní April náírà gbé orí díẹ̀, dọ́là bọ́ sí bíi ₦1,200. Aago kejì yìí náà máa ń dúró mí.

Lókè òkun gan-an, ìdúró kì í fìgbà gbogbo pé. Láti ìparí 2020, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wa owó Ethereum ń kó káàdì ayàwòrán bí ẹni ń kó gààrí, àrùn Kòrónà sì ti fa ìdíwọ́ fún àwọn tó ń ṣe é. Ó wọ́n gógó. Ọdún 2022, tí Ethereum pa irú ìwakùsà bẹ́ẹ̀ tì, ni ọjà tó rọ̀. Ní ìparí 2025, RAM, ẹ̀yà tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan, ló tún gbówó lórí, torí àwọn ilé-iṣẹ́ AI ń rà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Mo wá bi ọmọ náà pé, “Iṣẹ́ tó o fẹ́ fi ṣe, ṣé ó wà nílẹ̀?”

Ó ní ìyàwó méjì ló wà nílẹ̀ tí òun fẹ́ gé fídíò wọn, pé láptọ́ọ̀pù ẹlòmíràn lòun ń háyà, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lójúmọ́.

“Èló lo ti san láti ìgbà tó o ti ń dúró?”

Ó ń fi ìka kà á. Nígbà tó kà á dé àádọ́jọ ẹgbẹ̀rún, ó dákẹ́.

Mo ní kó lọ rà á, ṣùgbọ́n kó má ra tuntun. Kó wá èyí tó ti lo bíi ọdún méjì, kó sì fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó náà fún íńfátà, nítorí géèmù kì í jẹ́ kí bátìrì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lò tó wákàtí méjì, iná wa kì í sì í ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ká ní eré lásán ló fẹ́ fi ṣe ni, mi ò bá ní kó fi owó náà ra ohun mìíràn.

Ìkẹjà ló fúnra rẹ̀ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní òun ò lè fowó ránṣẹ́ sí ẹni tí òun ò rí. Ó ti gé fídíò ìyàwó méjèèjì. Eré ìjàkadì kan wà lórí rẹ̀ tó fi kọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èmi, ọmọ Ọ̀fà, ìlú ìjàkadì! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá mi kí iná tó lọ.