Àbà, Ẹ̀wọ̀n àti Ìwòsàn

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Òbí tí igbó tàbí ọtí ti di bárakú fún ọmọ rẹ̀ ni òwe yìí máa ń yé jù. Ìbéèrè kan sì wà tí irú òbí bẹ́ẹ̀ kò lè yẹ̀ sílẹ̀: ṣé kí òun fi ipá mú ọmọ lọ fún ìwòsàn? Ìtàn ìtọ́jú wèrè ni mo fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ náà, nítorí ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo wèrè àti ẹni tí igbó dà lórí rú.

Láyé àtijọ́, àbà ni oníṣègùn máa ń kàn mọ́ wèrè lẹ́sẹ̀ kí ó má baà sá lọ. Ìjọba amúnisìn kọ́ ilé wèrè sí Yábàá ní 1907. Òfin 1916 sì fún adájọ́ láṣẹ láti ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́lé. Ìtìmọ́lé ló pọ̀ níbẹ̀, ìwòsàn kò tó nǹkan.

Ní 1954, Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun ní Arò, l'Ábẹ̀òkúta. Ó ní kí aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kí ìbátan rẹ̀ kan sì bá a gbé ibẹ̀, kí ó máa dáná fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. N kò sọ pé ẹsẹ̀ ara wọn ni gbogbo aláìsàn fi rìn dé Arò. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tí ó mú aláìsàn wá kò fi í sílẹ̀ lọ.

Ẹ̀wọ̀n ni ìjọba ológun yàn ní tirẹ̀. Lábẹ́ òfin 1966, ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ni ìjìyà ẹni tí ó bá gbin igbó. Ní 1975 ni wọ́n tó dẹ òfin náà.

Àwọn ẹbí mìíràn gbé ọmọ lọ sí ilé àdúrà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn tí ó lé ní 200 jáde ní irú ibẹ̀ kan ní Òjòó, n'Ìbàdàn. Wọ́n bá ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ àwọn kan.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìjọba fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ó fagi lé òfin wèrè àtijọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Òfin lè sọ ẹni tí ó láṣẹ láti mú aláìsàn. Kò lè mú kí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n dúró tì í. Níbẹ̀ gan-an ni ìwòsàn ti yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n. Bí ó bá di dandan kí ẹbí fi ipá mú ọmọ lọ, kí wọ́n má ṣe padà sílé láìsí i.