Láti Bantè dé Selma: àwọn ará wa tó bèèrè ẹ̀tọ́ wọn ní Alabama



Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn àwọn tó jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, orúkọ Martin Luther King ló máa ń kọ́kọ́ jáde, ti Rosa Parks á sì tẹ̀lé e. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Alabama, ìpínlẹ̀ tí àwọn méjèèjì ti ṣe iṣẹ́ ńlá wọn, àwọn kan ti ń bèèrè ẹ̀tọ́ wọn ní ohun tó ju 80 ọdún lọ kí ayé tó gbọ́ orúkọ King. A kò bí wọn sí Amẹ́ríkà. Ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti kó wọn lọ.

Láti ọdún 1808 ni Amẹ́ríkà ti fi òfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun. Síbẹ̀, ní 1860, olówó kan ní ìlú Mobile, Timothy Meaher, rán ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Clotilda wá sí Ouidah. William Foster ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. Oṣù karùn-ún ló gúnlẹ̀, nǹkan bí 110 ènìyàn ló sì kó. Òru ni wọ́n kó wọn wọ Alabama ní oṣù keje, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má baà tú.

Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, ọ̀dọ́mọkùnrin tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 19. Àwọn onímọ̀ ìtàn tó yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò gbà pé agbègbè Bantè ni ìlú rẹ̀ wà. Àwọn ọmọ ogun Glele, ọba Dàhòmì, ló ya wọ ìlú wọn ní ìdájí, àwọn jagunjagun obìnrin sì wà lára wọn. Wọ́n pa ọba ìlú, wọ́n pa àwọn arúgbó, wọ́n sì kó àwọn tó lágbára lọ sí etí òkun. Ẹ̀yin ará Kétu, a ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé irú ogun bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ mọ ohun tí Dàhòmì fi ojú ìlú yín rí ní 1886.

Oṣù kẹrin ọdún 1865 ni òmìnira dé, nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń parí lọ. Ilé ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ padà sí, ṣùgbọ́n kò sówó ọkọ̀. Ni wọ́n bá fi Kossola ṣe agbẹnusọ, ó lọ bá Meaher. Ọ̀rọ̀ tó bá a sọ kò lọ́jú pọ̀: ìwọ lo mú wa kúrò lórí ilẹ̀ wa, a sì ti sìn ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún márùn-ún, nítorí náà fún wa nílẹ̀ díẹ̀ tí a ó máa gbé. Ẹ fi ọkàn sí i: láti ọdún yẹn wá títí di òní ni àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ṣì ń bèèrè owó gbà-má-bínú fún oko ẹrú. Ọmọ ilẹ̀ wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ la ẹnu bèèrè rẹ̀.

Meaher kọ̀ jálẹ̀. Ni wọ́n bá mú iṣẹ́ ṣe. Àwọn ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, àwọn obìnrin ń gbin ẹ̀fọ́, wọ́n sì ń kiri rẹ̀ tà. Wọ́n ń ṣọ́wó ná, wọ́n ń fi ìyókù pamọ́. Ní 1872, Kossola ra nǹkan bí éékà méjì ní 100 dọ́là. Ọwọ́ ẹbí Meaher kan náà ló ti rà á. Àdúgbò tí wọ́n tẹ̀ dó báyìí ló ń jẹ́ Africatown títí di òní olónìí.

Ta ni wọ́n wá fi ṣe olórí? Gumpa ni, ọmọ Dàhòmì tó ti ilé ọlọ́lá wá, tí òun náà bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Àwọn tí Dàhòmì jó ìlú wọn ló fi ọmọ Dàhòmì joyè. Nígbà tí wọ́n bi Kossola léèrè ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, àlàyé tó ṣe ni pé ọba ló tà wọ́n, kì í ṣe Gumpa, ọkùnrin náà kò sì ṣe wọ́n ní ibi kankan. Wọ́n tún yan adájọ́ méjì, Jaba àti Keeby, tó ń parí ìjà láàárín wọn. Àwa tí à ń gbé orílẹ̀-èdè kan náà pẹ̀lú àwọn Fọ̀n lónìí, ó yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò dáadáa.

Lẹ́yìn ilẹ̀, ó kan ìbò. Ní 1870, òfin Amẹ́ríkà sọ pé a kò gbọdọ̀ torí àwọ̀ du ọkùnrin kankan ní ìbò rẹ̀. Ní 1874, Kossola, Pollee Allen àti Charlie Lewis múra, wọ́n lọ dìbò. Ìtàn tí àwọn fúnra wọn sọ ni pé Meaher ti dúró dè wọ́n níbẹ̀. Ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò pé kí wọ́n má gbà wọ́n láàyè, pé ọmọ Áfíríkà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Wọ́n lọ sí ibòmíràn, ó gun ẹṣin lọ bá wọn níbẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn wọ àárín ìlú Mobile. Níbẹ̀, wọ́n san dọ́là kọ̀ọ̀kan, wọ́n dìbò, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì tọ́jú ìwé náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tó rú òfin kó wọn wọ ìlú ló tún ń sọ pé wọn kì í ṣe ará ìlú!

Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi agbára ṣí yìí tún padà tì. Ní 1901, Alabama ṣe òfin tuntun tó fi owó orí àti ìdánwò ìwé kíkà gba ìbò lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó lé ní 60 ọdún tí wọ́n fi wà nínú ìyẹn.

Ṣùgbọ́n iná náà kò kú. Ọmọdébìnrin kan wà nínú Clotilda, ọmọ ọdún méjì péré, tí wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ pọ̀. Matilda McCrear ni àwọn òyìnbó ń pè é, ṣùgbọ́n Àbákẹ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. Ilà ojú rẹ̀ kò parẹ́ títí ó fi kú ní 1940. Ní 1931, nígbà tó ti lé ní ẹni 70 ọdún, ó fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 24 lọ sí ilé ẹjọ́ ní Selma láti lọ bèèrè owó gbà-má-bínú. Adájọ́ dá a padà lọ́wọ́ òfo.

Lẹ́bàá Selma yìí náà ni Redoshi ń gbé, obìnrin mìíràn tó bá Clotilda wá. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ìjọba rán láti máa kọ́ àwọn ará oko níṣẹ́, Amelia Boynton, mọ̀ ọ́n, ó jókòó tì í, ó gbọ́ ìtàn bí wọ́n ṣe jí i gbé, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé nígbà tó yá.

Amelia Boynton yìí kan náà ló wà lára àwọn tó ké sí King pé kó wá sí Selma. Nígbà yẹn, nǹkan bí 2 péré nínú 100 àwọn aláwọ̀ dúdú tó tó ìbò dì ní agbègbè náà ló rí orúkọ wọn fi sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 1965, wọ́n mú un níwájú ilé ẹjọ́ níbi tí wọ́n tò sí láti forúkọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta, nǹkan bí 600 ènìyàn gba orí afárá Edmund Pettus kọjá, àwọn ọlọ́pàá sì fi kóńdó àti tajútajú dá wọn padà. Wọ́n lu Amelia títí ó fi dákú. Àwòrán rẹ̀ nílẹ̀ káàkiri ayé. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó dá ìbò padà fún wọn. Ọmọ ọmọ Àbákẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ìwà ipá tí wọ́n hù sí àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn ní Selma lọ́dún wọ̀nyẹn.

Ní 2019, wọ́n kéde pé wọ́n ti rí àwókù Clotilda nínú odò ní Alabama. Ní 2024, ìjọba Benin ṣe òfin tó fún àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láàyè láti di ọmọ Benin. Ilẹ̀kùn ti ṣí fún wọn láti wálé.

Àwọn ará Africatown ti sọ tiwọn. Wọ́n mọ ibi tí ìrìn àjò náà parí sí. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló kù, àwa la sì ni ìyẹn láti sọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bantè àti agbègbè rẹ̀, ẹ bá wa bi àwọn bàbá àti ìyá àgbà léèrè: ìlú wo ni ogun Glele tú ká láyé àwọn baba ńlá wọn? Àwọn ìdílé wo ni wọ́n wá, tí wọn ò rí mọ́? Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù yín, ẹ sì fi ránṣẹ́. Àgbà kò ní wà títí láé, bí wọ́n bá sì lọ tán, a ò ní rí ẹni tí a ó bi.