Ojúoró, Òṣíbàtà àti BIO 101

Ní ọdún 1984, koríko àjèjì kan gba orí omi wọ Nàìjíríà. Ìhà Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin ló gbà wá, ó wọ ọ̀sà Àgbádárìgì, ó sì ń tàn bọ̀ wá sí Èkó. Òdòdó rẹ̀ rẹwà lójú, àwọ̀ àlùkò ni, àmọ́ kò pẹ́ tó fi bo ojú omi mọ́ àwọn apẹja lọ́wọ́. Wọ́n ń tu ọkọ̀, ọkọ̀ ò lọ. Wọ́n ń ju àwọ̀n, koríko ni àwọ̀n ń kó. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Water hyacinth ni Òyìnbó ń pè é.

Lọ́dún kan náà ni Z. O. Gbile gbé ìwé kan jáde ní Ìbàdàn, níbi tó ti to orúkọ Yorùbá àwọn ewéko ilẹ̀ wa pọ̀ mọ́ orúkọ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè wọ́n. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní 1983, ni ìjọba Lateef Jakande fòfin dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ìyẹn LASU, tí olú ọgbà rẹ̀ wà ní Ọ̀jọ́, létí títì Èkó sí Àgbádárìgì, lórí ilẹ̀ àwọn Àwórì.

Koríko kan, ìwé kan, ilé-ẹ̀kọ́ kan, láàárín ọdún méjì. Ó yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ojúlùmọ̀ ara wọn nínú kíláàsì BIO 101. Ká tó sọ ohun tí kò jẹ́ kó rọrùn, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti ṣẹ̀ wá.

Kí LASU tó dé, Yaba ni. Ní 1934 ni ìjọba amúnisìn ṣí Higher College sí Yaba. Wọ́n ń kọ́ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì ń kọ́ àwọn tí yóò di olùrànlọ́wọ́ dókítà. Àmọ́ ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń fún wọn kì í ṣe dìgírì, Nàìjíríà nìkan ló sì ti wúlò. Lójú àwọn ọ̀dọ́ Èkó, ìwọ̀sí gbáà ni. Ìbínú yẹn wà lára ohun tó bí Lagos Youth Movement lọ́dún 1934 yẹn náà; Ernest Ikoli, Samuel Akinsanya, H. O. Davies àti Dókítà J. C. Vaughan wà níbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó di Nigerian Youth Movement. Ẹ ò rí nǹkan? Ìbéèrè pé ta ló lè kàwé, àti pé dé ibo, wà lára ohun tó gbé òṣèlú wa dìde.

Ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 kúrò ní Yaba lọ sí University College tuntun ní Ìbàdàn. Dìgírì ti wá dé wàyí, ṣùgbọ́n ti Yunifásítì London ni. London gbà kí wọ́n tún sílébọ́ọ̀sì ṣe kó lè bá ilẹ̀ wa mu, àmọ́ London náà ló ń fọwọ́ sí i. Ó di 1962 kí Ìbàdàn tó dá dúró.

Èrò Jakande ní tiẹ̀ ni pé kí ilẹ̀kùn ṣí gbayawu fún ọmọ mẹ̀kúnnù. LASU kò ní ilé gbígbé fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú ètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé ni kóówá ti ń lọ, ilé ló ń padà sí. Ìdí nìyẹn tí Okokomáìkò, Ìbà àti Ìyànà Ìbà fi kún fún àwọn ọmọ tó yá yàrá, mẹ́ta mẹ́rin nínú ẹyọ kan. Ní 2011, wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn yẹn padà: owó ilé-ẹ̀kọ́ fò láti 25,000 náírà sí ohun tó lé ní 190,000, ti ìmọ̀ ìṣègùn sì súnmọ́ 350,000. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá, wọ́n ṣe ìwọ́de, iye àwọn tó ń wọlé sì já wálẹ̀. Ní 2014, ìjọba dá owó náà padà sí 25,000.

Owó nìkan kọ́ ni ilẹ̀kùn o. Èdè náà ni. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, tó fi mọ́ sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ girama ni iṣẹ́ náà dúró sí, kò dé yunifásítì.

Ẹ wá wo ohun tí BIO 101 àti BIO 102 ń kọ́ni: sẹ́ẹ̀lì, ìpín àwọn ohun ẹlẹ́mìí sí ẹbí-ẹbí, àti bí wọ́n ṣe ń bá ibùgbé wọn mu. Ojúoró àti òṣíbàtà, tí àwọn àgbà fi ń gbàdúrà pé ká máa lékè, lè kọ́ni ní èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Pistia stratiotes ni ojúoró, ẹbí kan náà ni òun àti kókò tí à ń jẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro nínú omi, kò kan ilẹ̀. Irun wẹ́wẹ́ ara ewé rẹ̀ ló ń di afẹ́fẹ́ mú tí kò fi rì. Òṣíbàtà ní tiẹ̀ ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, ewé rẹ̀ nìkan ló tẹ́ sójú omi, òkè ewé náà ló sì ti ń mí. Àlejò ọdún 1984 yẹn ní igi ewé tó wú bíi fùkẹ̀, tó kún fún afẹ́fẹ́. Adúrà kan náà, ọ̀nà mẹ́ta ló gbà gbà.

Láti 2023, àjọ NUC tó ń mójú tó àwọn yunifásítì ti ní òun á pèsè ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún kọ́ríkúlọ́ọ̀mù, kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi 30 tó kù kún un. Nínú 30 yẹn ni àyè wà. Kò dìgbà tí wọ́n bá túmọ̀ mitochondria. Kí wọ́n kọ orúkọ tí apẹja Ọ̀jọ́ ń pe ewéko sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Látìn rẹ̀, kí ọmọ Okokomáìkò lè mọ̀ pé ohun tí òun ń rí láti kékeré ni wọ́n ń bi òun nínú ìdánwò.

Ẹ̀kọ́ kan ṣì wà nínú omi yẹn. Nígbà òjò, tí omi odò bá pọ̀, koríko àjèjì náà á gba ojú ọ̀sà kan. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, omi iyọ̀ á ti inú òkun wọlé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, nítorí kò lè fara da iyọ̀. Àwọn apẹja ti ń rí i lọ́dọọdún kí ẹnikẹ́ni tó fi bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè.