Odò Ọ̀pàrà àti Àwa Ará Ìwéré-Ilé

Bí ènìyàn bá jáde ní Ìwéré-Ilé tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, odò Ọ̀pàrà ni yóò kàn. Ní òdìkejì rẹ̀ ni ilẹ̀ Ṣábẹ̀ wà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí a bí sí ìdálẹ̀ rò pé àjèjì ni àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Èyí ni ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Kí òyìnbó tó dé, odò náà kò pín ẹnikẹ́ni níyà. Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní bèbè méjèèjì. Dàhọ̀mì ni gbogbo wọn ń bẹ̀rù. Ní ọdún 1886 ni ogun Abọ́mẹ̀ run Kétu, tí wọ́n sì kó àwọn ará ìlú náà lẹ́rú. Ìgbóguntì wọn sì dé Òkè-Ògùn pẹ̀lú. Ọdún 1892, nígbà tí àwọn Faransé wọ Abọ́mẹ̀, ni ìbẹ̀rù yìí tó rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti pín wa kí ogun náà tó parí! Ní ọjọ́ 10 oṣù August, 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ọwọ́ sí ìwé ní Paris, wọ́n sì fa ìlà kan láti etí òkun lọ sí òkè. Kò sí ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo ní ìjókòó náà. Àdéhùn mìíràn tẹ̀ lé e ní 1898 àti 1906. Odò rọrùn láti fi ṣe àmì ju ìlà orí ìwé lọ. Báyìí ni Ọ̀pàrà ṣe di ààlà.

Ní apá Faransé, iṣẹ́ ipá, owó-orí àti fífi agbára múni wọṣẹ́ ológun ni àwọn ènìyàn bá pàdé. Àwọn Ọ̀họ̀rí dìde ogun sí wọn láàárín 1914 sí 1916. Ọ̀pọ̀ ìdílé kó ẹrù wọn, wọ́n sì sọdá ààlà wá sí apá Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti 1976. A kò sọ pé ara rọ apá tiwa o: ní oṣù October 1916 ni Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Ṣùgbọ́n 1946 ni Faransé tó fi òfin pa iṣẹ́ ipá rẹ́.

Dàhọ̀mì gba òmìnira ní August 1960, Nàìjíríà ní October. Ìlà kò yí padà. Ní August 2019 ìjọba Nàìjíríà ti gbogbo ẹnubodè. Mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní December 2020: Sèmè, Illela, Maigatari àti Mfum. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wà létí Ọ̀pàrà.