Sẹ́lẹ́rì àti gbúre: èwo gan-an ni àlejò?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ná. Ní Òkè Àdó níbí, "ẹ̀fọ́ òyìnbó" ni wọ́n ń pe sẹ́lẹ́rì ẹ̀yìnkùlé mi. Òyìnbó kẹ̀?

Wọ́n rí sàréè Tutankhamun, ọba Íjíbítì, ní 1922. Ewé sẹ́lẹ́rì igbó wà lára òdòdó orí pósí ẹ̀, ó ti lé ní 3,000 ọdún. Áfíríkà ṣáà ni Íjíbítì wà!

Gbúre tá a ń fọ́nnu pé tiwa ni ńkọ́? Amẹ́ríkà ló ti wá.

Etí irà ni sẹ́lẹ́rì ti ṣẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbìn ín síbi ibòòji, tí mo ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́. Oòrùn Ìbàdàn kì í ṣeré. Tí mo bá ń kórè, ọ̀pá ìta nìkan ni mò ń gé. Àárín á ṣì máa hù.