Chasselay: Abúlé Faransé tí àwọn ọmọ Áfíríkà sùn sí

Àwa tí a wà ní Òkè Ọya, ẹ̀yin tí ẹ wà lápá ìlà-oòrùn, àtàwọn ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi, mo fẹ́ sọ ìtàn abúlé kékeré kan ní ilẹ̀ Faransé fún yín. Ọ̀rọ̀ àjò àti ọ̀rọ̀ sàréè ni. Chasselay ni wọ́n ń pe abúlé náà.

Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò tó 3,000. Téèyàn bá kúrò ní Lyon, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó tóbi jù ní Faransé, tó kọrí sí àríwá lápá ìwọ̀-oòrùn, nǹkan bíi 20 kìlómítà ni yóò rìn débẹ̀. Àwọn òkè kéékèèké kan wà nítòsí ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Monts d'Or, ìyẹn Òkè Wúrà. Odò Saône ń ṣàn kọjá lápá ìlà-oòrùn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n mọ agbègbè náà mọ́: oko àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì, àti oko èso.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Láàárín àwọn oko yẹn, ọgbà kan wà tí wọ́n mọ ògiri pupa yí ká, tí igi yọ ṣóńṣó lókè rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ògiri alámọ̀ àtijọ́ ní Kánò tàbí Zaria, tó bá rí èyí, yóò bi ara rẹ̀ pé ta ló gbé eléyìí dé ilẹ̀ òyìnbó. Tata ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọ̀ àwọn Mandingo, odi tí wọ́n fi ń dáàbò bo ìlú lójú ogun ni wọ́n ń pè ní tata. Àwọn sójà aláwọ̀ dúdú ni wọ́n sin síbẹ̀, wọ́n tó 200 dín díẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀? Ní ọdún 1857 ni Faransé dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan sílẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà, tí wọ́n pè ní tirailleurs sénégalais. Orúkọ lásán nìyẹn o, nítorí nígbà tó yá, gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń kó wọn: Mali, Guinea, Burkina Faso, Côte d'Ivoire, títí dé Dàhòmì tó di Benin lónìí. Ẹ sì mọ̀ pé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ilẹ̀ Yorùbá pọ́ńbélé, abẹ́ Faransé ni wọ́n bọ́ sí nígbà tí òyìnbó pín ilẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, ogun Hitler ti wọ Faransé. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà ni àwọn Jámánì wọ Paris. Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàdínlógún, Pétain, olórí ìjọba, ti sọ lórí rédíò pé kí wọ́n dáwọ́ ìjà dúró. Síbẹ̀, wọ́n pàṣẹ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àwọn tirailleurs pé kí wọ́n dènà dè wọ́n ní àríwá Lyon, kí wọ́n má sì sá sẹ́yìn. Ọjọ́ kọkàndínlógún àti ogúnjọ́ ni wọ́n jà, ní ẹnu ọ̀nà ilé àwọn sísítà ní Montluzin, àti ní àyíká Chasselay.

Nígbà tí ọta tán, wọ́n juwọ́ sílẹ̀. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti burú. Àwọn Jámánì ya òyìnbó sọ́tọ̀, wọ́n ya dúdú sọ́tọ̀. Wọ́n kó àwọn dúdú lọ sínú pápá kan, wọ́n sì fi ìbọn orí táǹkì pa nǹkan bí 50 nínú wọn, ẹni tó ti gbé ọwọ́ sókè. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé ìjà parí.

Òkú wọn àti tàwọn ẹgbẹ́ wọn wà káàkiri inú oko àti abúlé. Ọ̀gbẹ́ni kan, Jean Marchiani, tó wà ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn tó jagun, ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri. Ó ra ilẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n ti pa wọ́n, ó ní bí ilẹ̀ wọn ṣe rí ni kí ibùsùn wọn rí. Wọ́n gbé iyẹ̀pẹ̀ láti Dakar wá nínú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n dà á síbẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá ọdún 1942 ni wọ́n ṣí i. Lọ́jọ́ kẹta sí i, àwọn Jámánì wọ apá Faransé yẹn náà. Tó bá jẹ́ pé ó fi falẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kó má rí i ṣe mọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kì í ṣe gbogbo Faransé ló ṣe bíi Marchiani. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1944, ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar, sójà Faransé fúnra wọn yìnbọn pa àwọn tirailleurs tó ti ogun dé, nítorí pé wọ́n ń béèrè owó iṣẹ́ wọn.

Ohun tó dùn mí jù ní Chasselay ni pé lórí ọ̀pọ̀ òkúta ibẹ̀, "inconnu" ni wọ́n kọ, ìyẹn ẹni tí a kò mọ̀. Wọ́n rí ilẹ̀, wọ́n rí ògiri, wọ́n rí iyẹ̀pẹ̀ ilé, àmọ́ orúkọ ti sọnù. Ìyá wọn ò mọ ibi tí wọ́n sùn sí títí ìyá náà fi kú.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà wa tó kọ́kọ́ dé síbí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ni a sin síbí. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ra ìwé ńlá kan, kí a kọ orúkọ, ìlú tí kálukú ti wá, agbo ilé, ọdún tó dé, ọdún tó kú, àti ibi tí sàréè rẹ̀ wà. Kò ná wa ní owó púpọ̀. Àwọn tó ṣì rántí ò pọ̀ mọ́, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè báyìí. Ilé là ń wò o, Ọlọ́run á mú kálukú wa délé láyọ̀.