Ọ̀wọ́ Méjì, Eré Kan: Èdè Wa àti Kíríkẹ́ẹ̀tì

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú àwa tí à ń pe ara wa ní onímọ̀ èdè kò wo ilé, wọn kò wo ọ̀nà, tí wọ́n fi sọ kíríkẹ́ẹ̀tì di “eré ìdárayá afigigbábọ́ọ̀lù onígimẹ́ta”. Àwọn tí wọ́n gbá a ní Government College, Ìbàdàn, ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1929, kíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n pè é, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ àyálò bá ń bí nínú, kí ó lọ sí ọjà Òjé, ní àdúgbò Délésolú n'Ìbàdàn, kí ó béèrè orúkọ òfì pupa tí ó ń bá sányán àti ẹtù dù ipò ọlá: àlàárì ni wọn yóò wí, bẹ́ẹ̀ ni al-harir, orúkọ tí Lárúbáwá ń pe ṣẹ́dà, ni ó gba ọ̀dọ̀ Haúsá wọlé tọ̀ wá tí ó fi dọmọ onílé.

Bọ́ọ̀lù, pápá, adájọ́, igi mẹ́ta: ìwọ̀nyí kò ní ìjà nínú. Ìtàn Frederick Hyland, agbá-kíríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni yóò dán wa wò. Ní 1924, ó bá ẹgbẹ́ Hampshire lọ kojú Northamptonshire ní ìlú Northampton. Eré kò tíì gbóná tí òjò fi tú wọn ká. Hyland kò gbá, kò jù, wọn kò sì pè é mọ́ láéláé, ó wá di gbajúmọ̀ olùtọ́jú ọ̀gbìn ní Cheshire.

Kí a tó lè ròyìn ìwọ̀nba tí wọ́n ṣe kí òjò tó dé, ọ̀rọ̀ méjì ni a nílò. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà tí ẹnìkan ń jù kí ẹlòmíràn tó gbà á, kí ni kí a pè é? Óvà ni àwọn ọ̀dọ́ ń wí. Ẹ̀fà fẹ́ fà mí lójú mọ́ra, nítorí ó jọ ọ́ létí, ó sì bá iye rẹ̀ mu. Àmọ́ mẹ́jọ ni àwọn ará Ọsirélíà ń jù títí di 1979, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá sì ju mẹ́jọ ní 1939. Kí ni ẹ̀fà yóò wí níwájú ẹ̀jọ? Ọ̀wọ́ ni mo fara mọ́: ọ̀wọ́ ẹran, ọ̀wọ́ arìnrìn-àjò Mẹ́kà, ó kó nǹkan jọ, kò sì fi iye de ara rẹ̀.

Ohun tí àwọn agbábọ́ọ̀lù méjì ń jẹ nígbà tí wọ́n bá sáré pààrọ̀ ààyè ńkọ́? Wọ́n ní àmì ayò. N kò gbà. Ti aláfẹsẹ̀gbá nìyẹn. Sá àti eré ni ó bí sáré. Kí a pè é ní eré. Bí ẹnìkan bá ní eré yìí yóò dàrú mọ́ ti ìṣeré, èdè wa ti là wọ́n níjà tipẹ́: à ń ṣe ọ̀kan, à ń sá èkejì.

Nítorí náà, ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n jù lọ́jọ́ Hyland, eré kan ni wọ́n sá, òjò dé. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù wọ̀nyí, kí ó mú un wá. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tí ọmọdé lè pè tán kí bọ́ọ̀lù tó balẹ̀.